Kí Omi Gbó Kí Ẹja Tó Wọ̀ Ọ́

Ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: "Prof, mo ra àpótí gíláàsì ẹja, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ẹja ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wọn kú. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dáa ni?" Ọwọ́ yín dáa. Omi ni kò tíì gbó.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Nínú odò, ìdọ̀tí ẹja máa ń bá omi lọ. Nínú àpótí, kò síbi tó máa gbà lọ. Ohun tó ń jáde lára ẹja, pàápàá níbi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ammonia ni. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán tó jẹrà nísàlẹ̀, ammonia náà ló ń dà. Kò ní àwọ̀, kò ní kí omi má dán, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ẹja.

Bakitéríà tí ojú lásán kò rí ló ń kó ìdọ̀tí yìí. Àwọn kan, bí i Nitrosomonas, ń sọ ammonia di nitrite. Májèlé ni nitrite náà: kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé oxygen bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé iṣẹ́ ìpele méjì yìí ní nǹkan bí ọdún 1890. Ìwé púpọ̀ ní Nitrobacter ló ń ṣe ìpele kejì nínú àpótí ẹja, àfi ìgbà tó di 1998 tí Timothy Hovanec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Nitrospira ni.

Bakitéríà wọ̀nyí kì í tètè pọ̀. Ó sábà máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó da ẹja mẹ́wàá sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àfi bí ẹni kó àlejò sínú ilé tí kò ní ṣáláńgá.

Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe é? Àpótí tó gùn ní 60 cm, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, lítà omi 54 ló ń gbà. Kìlò 54 nìyẹn, láìka gíláàsì àti òkúta, nítorí náà ẹ má gbé e lé tábìlì tó ń mì. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, chlorine inú rẹ̀ ń pa bakitéríà, ó sì ń ṣe ẹja léṣe. Ẹ pọn ọ́n sínú ike, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Tó bá jẹ́ chloramine ni wọ́n fi sí i, ṣíṣí nìkan ò lè yọ ọ́. Ẹ ra oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́.

Ẹ tan fílítà láìsí ẹja. Ẹ máa fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sómi kó lè jẹrà, kí bakitéríà rí nǹkan jẹ. Ẹ fi ohun èlò àyẹ̀wò wo omi: ammonia á gòkè, á wálẹ̀, nitrite náà á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí méjèèjì bá di òdo, tí nitrate sì ti hàn, omi ti gbó. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní àpótí tí ara ẹja rẹ̀ le, ẹ tọrọ fóòmù díẹ̀ nínú fílítà rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń bu ẹyin iná lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ẹja méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn kribensis, Pelvicachromis pulcher, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà níbí. Ẹ fi àpáàdì sísàlẹ̀ fún wọn. Inú ihò ni wọ́n ń yé ẹyin sí, tìyá-tìbàbá ló sì ń tọ́ ọmọ.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, bakitéríà inú fílítà náà nílò oxygen. Ẹ ní páǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì nílé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi kan, kí nitrate má baà pọ̀ jù. Omi tí ẹ gbọ́n kúrò yẹn ni kí ẹ fi fọ fóòmù, ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fọ̀ dànù yẹn.