Olùkọ́ Kékeré Ní Yunifásítì Aládàáni: Ọmọ Ta Ni?

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní Àjùwọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò rí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń wá ọkọ̀ gba Akute lọ sí Ojodu. Lára wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ni ní yunifásítì aládàáni. Àwọn aládùúgbò a máa fi àwàdà pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn náà a sì rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ bí ipò náà ti jìnnà sí wọn tó. Ọ̀rọ̀ wọn ni ó kàn wá lónìí.

Yunifásítì bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìpínlẹ̀ wa. Mountain Top wà ní Ibafo, Christopher wà ní Mowe; ọdún 2015 ni àwọn méjèèjì gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè nínú iṣẹ́ yìí kò lè ṣe é láìní oyè ọ̀mọ̀wé. Oyè náà a máa gba ọdún púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré: owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìwádìí, owó ọkọ̀. Láti inú owó oṣù tí a fi ń san owó ilé ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ kan wà. Ní ọdún 1993 ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa yọ ìdá 2 nínú 100 èrè wọn fún ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, ìdá náà ti di 3. Àpò owó yìí ni a mọ̀ sí TETFund. Ó ti rán ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nílé àti lókè òkun, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni. Ẹni tí ń kọ́ni ní Ibafo ń wò ó láti òkèèrè.

Nígbà tí a ṣe òfin ti ọdún 1993, a lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún 1999 ni ìjọba tó fún Babcock ní Ìlíṣàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, nígbà tí a ṣe òfin TETFund, wọ́n ti wà lójú gbogbo ayé. A mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò wí pé owó ìlú kò gbọdọ̀ wọ àpò aládàáni. Òótọ́ ni, àwa náà sì mọ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn òbí kì í ṣe kékeré! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà jẹ́ ti àwọn ìjọ, síbẹ̀ ìjọba fún wọn ní owó ìrànwọ́. A kò bi ọmọ léèrè ẹni tí ó ni ògiri tí ó jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò tilẹ̀ tó ìyẹn. Kí àwọn aṣòfin wa ní Abuja tún òfin náà ṣe, kí a lè fún olùkọ́ fúnra rẹ̀ ní owó ẹ̀kọ́, kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀. Kí òun náà sì fọwọ́ sí ìwé pé ní Nàìjíríà ni òun yóò ti kọ́ni nígbà tí ó bá gba oyè tán.