Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Tẹ́mósítáàtì Ọkọ̀ Yín Dànù

Ohun tó ń gbówó lápò wa la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lójú ewé yìí. Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bá gbóná kọjá ààlà, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ.

Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì ń mú ooru púpọ̀ jáde. Pọ́ǹpù ń ti omi yíká inú irin ẹ́ńjìnì láti gba ooru náà. Omi á gba inú rọ́bà lọ sí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀, atẹ́gùn àti fáànù á tù ú, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Tẹ́mósítáàtì ni aṣọ́bodè ọ̀nà rédíétọ̀. Ìda díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó ti ọ̀nà pa, kí omi má baà dé rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda á yọ́, á wú, á sì ṣí ọ̀nà. Bó bá tún tutù, á padà tì í.

Nílé, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù. Lóòótọ́, tẹ́mósítáàtì tó bá bàjẹ́ tí kò ṣí mọ́ lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ṣùgbọ́n tuntun la fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò ní in á pẹ́ kó tó móoru, á máa mu epo jù, irin inú rẹ̀ á sì tètè jẹ. Níbi òtútù tí a wà yìí, híítà kò ní gbóná dáadáa, torí omi ẹ́ńjìnì kan náà ló ń lò.

Omi lásán náà kò tó. Bí ó bá di yìnyín, á wú, ó sì lè la irin ẹ́ńjìnì. Kúláǹtì àti omi tí a pò ní ìdajì-ìdajì kì í dì títí òtútù yóò fi tó nǹkan bí 37 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ sọ fún mẹkáníìkì ibẹ̀ pé kó má fi omi ẹ̀rọ rọ́pò kúláǹtì: kò sí yìnyín nílé, ṣùgbọ́n ìpáta ń bẹ.

Bí ọ̀pá ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá gòkè:
- Ẹ pa ẹ́sì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnì.
- Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi tutù. Omi inú rẹ̀ lè gbóná ju 100 lọ, yóò sì tú jáde bó ènìyàn lára.
- Ẹ gbé kúláǹtì jìnnà sọ́mọdé. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó tẹ́mósítáàtì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì. A ó máa lọ, a ó máa bọ̀ ní àlàáfíà o.