Ẹni Tí A Pọ̀n Lórí Okùn

Bí ọ̀ràn bá há òṣèlú sáàárín ẹgbẹ́ méjì, àwọn oníwèé ìròyìn a ní orí okùn ló ń rìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ló jẹ́ fún Blondin, ará Faransé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1859, ó rìn lórí okùn tí wọ́n ta kọjá àfonífojì odò Niagara, láti Amẹ́ríkà dé Kánádà. Okùn náà gùn ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọ̀pá gígùn tó dì mú kì í ṣe ti oge: ìwúwo rẹ̀ tó nà síhà méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ara tètè fì.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó pọn Harry Colcord, alábòójútó rẹ̀, sẹ́yìn. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti dá ara rẹ̀ dúró. Bí Blondin bá fì, kí òun náà bá a fì. Ẹ ò rí i pé ó le! Ẹni tó bá ń ṣubú, ara rẹ̀ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ wa ti ń mẹ́hẹ: a wà lẹ́yìn Olúwa, a tún ń fa ara wa sọ́tùn-ún.

Ó rẹ Blondin lójú ọ̀nà. Colcord ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí okùn náà títí ẹni tó pọ̀n ọ́n yóò fi sinmi, kí ó tó tún gùn ún lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀.