Ọ́sítà Aláwọ̀ Ewé ti Odò Fal

Ọ́sítà jẹ́ ẹ̀dá inú ìkarahun tí ń gbé ẹnu odò, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò gbé pàdé. Kò lè sá; omi tí ó bá dé bá a ni ó ń sẹ́ láti fi rí oúnjẹ.

Ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a wa bàbà àti tánganran fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sínú odò Fal. Ọ́sítà ibẹ̀ a sì máa di aláwọ̀ ewé. Ní ọdún 1897, àwọn onímọ̀ Boyce àti Herdman fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ irú ọ́sítà bẹ́ẹ̀ ni bàbà wà.

Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí dà bí ìránṣẹ́ olóòótọ́: wọn a gbé májèlé mì, wọn a sì tì í mọ́ inú àpò kékeré, kí ara ìyókù má ba à bàjẹ́. Àwọn kan náà ni ń bá kòkòrò àrùn jà. Ṣùgbọ́n bí májèlé bá pọ̀ jù, àpò a jò, sẹ́ẹ̀lì a sì kú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kíyè sí i: ọ́sítà lè wà láàyè kí májèlé sì kún inú rẹ̀, sísè kò sì lè mú un kúrò.

Ní oṣù January 1992, omi ya jáde láti inú kòtò ìwakùsà Wheal Jane tí a ti pa tì, odò náà sì pọ́n bí osùn. Àwọn àgbà ní, ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú odò, àwa rí i pé ọmọ-ọmọ ẹni náà ni ó ń tọ̀.