Ohun Tó Mú Kọ̀ǹpútà Bọ̀ọ̀dá Mi Máa Kú Lójijì

Nígbà ọlidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n ba kọ̀ǹpútà bọ̀ọ̀dá mi jẹ́. Òun ló fi ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń rí owó ilé ìwé mi san. Mo tú u láti gbọn eruku inú ẹ̀. Mo yọ heat sink, mo nù ún títí ó fi dán, mo sì dá a padà. Láti ọjọ́ kejì, kò lè ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ kó tó kú. Bọ̀ọ̀dá mi rò pé iná NEPA ló bà á jẹ́. Mo pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ 3, oníbàárà 2 sì gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì, kí n tó jẹ́wọ́.

Kí ló fà á gan-an? Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná. Heat sink ni irin tó jókòó lé e lórí, tó rí wẹ́wẹ́ bí ojú ewé ìwé. Ó ń fa ooru náà, fáànù á sì fẹ́ ẹ dànù. Tí ooru ò bá rí ọ̀nà jáde, kọ̀ǹpútà á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná.

Irin méjèèjì dán lójú wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kòtò kéékèèké tí a ò lè rí. Afẹ́fẹ́ ló ń wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru dáadáa. Ìpara tí wọ́n ń pè ní thermal paste ló ń dí àwọn kòtò yẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ ni mo nù kúrò, mi ò sì fi òmíì sí i!

Bí a ṣe tún un ṣe rèé:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ yọ wáyà iná.

2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ àti spírítì díẹ̀ nu ojú processor àti ìsàlẹ̀ heat sink. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

3. Ẹ fi paste tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín processor. Ẹ má fi í bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì o. Tó bá nípọn jù, òun náà á máa dí ooru lọ́nà.

4. Ti bọ̀ọ̀dá mi ní ẹsẹ̀ 4 tó ń wọ ihò. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ kan, kí ẹ tẹ èyí tó wà ní igun tó kọjú sí i, kí ẹ tó wá tẹ 2 yòókù, bí fọkanáísà ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Tó bá ṣì ń mì, kò tíì wọlé.

5. Ẹ ki wáyà fáànù bọ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí.

Kọ̀ǹpútà náà ò kú mọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ò nà mí, ó kàn bi mí pé, "Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

Torí náà, tí kọ̀ǹpútà yín bá ń kú lójijì, ẹ yẹ heat sink wò kí ẹ tó pè é ní panti. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ tú u, ẹ tètè sọ.