Bí Oko Ṣe Di Àdúgbò: Àpẹẹrẹ Ugbowo ní Ìlú Bìní

Ìlú kì í gbòòrò kí oko má sún sẹ́yìn. Èyí hàn gbangba ní Ugbowo, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ìlú Bìní lọ sí Èkó. Abúlé àgbẹ̀ ni Ugbowo tẹ́lẹ̀ rí, kí ilé tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ iṣu àti ẹ̀gẹ́.

Ohun méjì ni ó fa ìyípadà yìí. Yunifásítì Bìní, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ńlá rẹ̀; ilé ìwòsàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1973. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń wá ibùgbé. Ilé àyágbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ebè wà. Ekosodin, abúlé tí ó múlé ti yunifásítì náà, kún fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀ràn àṣẹ lórí ilẹ̀ náà yí padà. Nínú àṣà Bìní, Ọba ni ó ń tọ́jú ilẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi àṣẹ yìí sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ń ta ilẹ̀, wọ́n sì ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ́lé, títí Ìpínlẹ̀ Ẹdó fi ṣòfin ààbò dúkìá ní 2017.

Ilẹ̀ tí a ń ro a máa mú oúnjẹ wá lọ́dọọdún; ilẹ̀ tí a tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń mú owó wá. Ẹni tí ó kọ́lé sí i ni yóò máa gba owó ilé. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó tà á yóò máa ra iṣu lọ́jà.