Láyípo: Orúkọ méjì fún ilé gogoro kan

Bí ẹ bá dé Bẹyẹrúnká, tí ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni Bower's Tower wà?", ó ṣeé ṣe kó kàn máa wò yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní "Láyípo" wò. Kíá ló máa nawọ́ sókè: "Òun nìyẹn lókè un." Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà lẹ bèèrè. Ọ̀rọ̀ orúkọ méjì yìí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ta ni Bower? Captain Robert Lister Bower ni. Ní 1893, Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Denton, adelé gómìnà Èkó. Bower ni òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba fi ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì nílùú wa, títí di 1897. Òun náà ló yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Lẹ́yìn tó padà sílé ló di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní North Riding, Yorkshire.

Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gogoro yìí sórí Òkè Ààrẹ ní ìrántí rẹ̀. Ẹnjiníà Taffy Jones, tó kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, ló ya àwòrán rẹ̀. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn 47 ló sì wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn ọ̀hún kì í lọ tààrà o: ńṣe ló ń yí po bí ìkarahun ìgbín.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí orúkọ ti wá báyìí? Ìjọba fi orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bu ọlá fún pe ilé náà. Ará ìlú fi ohun tí ẹsẹ̀ wọn ṣe níbẹ̀ pè é. Ẹni tó bá máa dókè gbọ́dọ̀ yí po, Láyípo náà nìyẹn.

Àwọn kan á ní àìmọ̀wé ló fà á. Èmi ò gbà. Ní London, ilé kan wà tí ìwé pè ní 30 St Mary Axe, àmọ́ "Gherkin" làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, nítorí ó jọ apálá kékeré tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí kíkan. Ṣé àwọn náà ò kàwé ni? Ní Èkó, ìjọba gbé ère sójà kalẹ̀ ní ìrántí àwọn tó bógun lọ. Kò pẹ́ tó fi di "Sójà Ìdúmọ̀tà", bí ẹni ń pe ọmọ àdúgbò. Ẹni tó kọ́lé ló lórúkọ ara ògiri. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló lórúkọ ẹnu.

Síbẹ̀, ká má tan ara wa. Orúkọ ẹnu yìí ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Ọmọ tó gun Láyípo, tó ya fọ́tò, tó sọ̀ kalẹ̀, lè má mọ̀ láéláé pé ọkùnrin tó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tí a fẹ́ràn, tí a ò sì mọ ìtàn rẹ̀, kì í pẹ́ tí a ó fi máa wò ó níran bó bá ń wó lọ. N ò ní ká wó o, n ò sì ní ká dá orúkọ Bower padà sẹ́nu. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́ ti mọ́ ọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àtẹ̀gùn náà fúnra wọn dé 47. Bí ẹ bá dókè, tí ẹ rí Màpó, òrùlé páànù tó ti dípatà, àti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ ìtàn Bower fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé: orúkọ wo lẹ̀yin ì bá sọ ọ́?